Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Tẹ̀lé Ọwọ́ Òsì

Iye ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù sílé. Yamaha PSR-E373 ní 622, Casio CT-X700 ní 600. Ta ni yóò lò wọ́n tán?

Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ tan accompaniment, kí ẹ tẹ kọ́ọ̀dù kan: ìlù, béèsì àti gìtá á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí kọ́ọ̀dù padà, béèsì àti gìtá á yí tẹ̀lé yín, ọwọ́ ọ̀tún á sì ráyè dá orin. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá nìyẹn, mo sì kan sáárá sí àwọn tó ṣe é.

Àwọn méjèèjì ní kíì 61, nóòtù 48 ni wọ́n sì lè mú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ní kẹ̀kẹ́ kékeré lápá òsì tí a fi ń fa ohùn sókè sódò. Yamaha yìí kò ní in. Fún èmi, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ohùn orin Yorùbá máa ń yọ̀, kì í kàn fò.

Àwọn kan tún ń bẹnu àtẹ́ lu transpose, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gbé gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sódò. Èmi ò sí lára wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tó bá wu olórí akọrin ló ti ń gbé orin. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀ kí ẹsẹ àkọ́kọ́ tó parí.