Ta ló ṣílẹ̀kùn fún akọ̀wé ìgboro?



Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ìkọ̀wé ló ń ṣe l'Ékòó. Kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó bá kọ nípa àṣà àti ìgbésí ayé ìgboro ni wọ́n ń sanwó fún un lé lórí. Ó lọ sí agboolé kan tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ìyá àgbà kan ló mú un wọlé, tó sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún un. Ọmọ náà kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ olóòtú dá a padà, ó ní kò dùn tó, kó fi nǹkan ẹ̀rù díẹ̀ sí i. Ó ní, "Prọ́f, owó ilé ti tó san o. Ṣé kí n fi sí i?"

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìwé kan kà. Ìwé náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Paulo Barreto lorúkọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n João do Rio ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Rio de Janeiro ni wọ́n bí i sí ní 1881, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1921. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Ó wà lára àwọn akọ̀ròyìn tó kọ́kọ́ dìde nídìí tábìlì nílùú náà, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò láti wá ìròyìn. Ní 1904, ó kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Gazeta de Notícias lórí àwọn ẹ̀sìn ìlú náà. Wọ́n sọ ọ́ di ìwé, wọ́n pè é ní As Religiões no Rio. Ó sọ ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ó sọ ti àwọn Júù, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá tó bá ka apá yẹn, orí rẹ̀ á wú. Èdè Potogí ni, síbẹ̀ ẹ ó pàdé agbádá níbẹ̀, ó kọ ọ́ ní abadá. Ẹ ó rí fìlà, ẹ ó rí babaláwo, ẹ ó rí ìyàwó òrìṣà. Ẹ ó rí alufá, àwọn Mùsùlùmí tí àwa ń pè ní ààfáà. Ó tilẹ̀ sọ pé èdè kan wà tí àwọn ará Áfíríkà tó wà ní Rio fi ń gbọ́ra wọn yé, ó pè é ní eubá. Èdè wa ni.

Etí ọkùnrin yìí dára. Ẹnu rẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Orúkọ tó fún apá náà kò ju "nínú ayé èèdì" lọ, ó sì ń fi àwọn tó gbà á lálejò ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ta ló mú un wọlé? Ọkùnrin Áfíríkà kan tó pè ní Antônio ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé Antônio kàwé l'Ékòó. Ẹ wò ó o: ẹni tó kàwé l'Ékòó ló ń ṣamọ̀nà rẹ̀ láti ilé dé ilé, òun ló ń túmọ̀ ohun tójú ń rí. Kí ni akọ̀wé fi san án? Ó fi wé àwọn ọ̀dọ́ tí kì í bọ ohunkóhun ju wisikí àti ṣílè lọ!

Ọ̀rọ̀ náà ju ti èébú lọ. Òfin ìwà ọ̀daràn Bràsíìlì ti 1890, abala 157, ti ka oògùn àti idán mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ múni. João do Rio mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dárúkọ àdúgbò: São Diogo, Barão de São Félix, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wá wọn, ọ̀nà ti wà nínú ìwé ìròyìn.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́, kí là bá mọ̀?" Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì. Òótọ́ sì ni. Lásìkò yẹn gan-an, nígbà tí Pereira Passos jẹ́ olórí ìlú Rio, ni wọ́n ń wó ilé àwọn tálákà láàárín ìgboro kí wọ́n lè la Avenida Central, títì ńlá tí wọ́n ṣí ní 1905. Ohun tí akọ̀wé yìí fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Àmọ́ kí la ń wá lọ sínú rẹ̀ lónìí? Agbádá, fìlà, orúkọ àdúgbò, ọ̀rọ̀ tí Antônio sọ. Ohun ẹ̀rù tó bù sí i kí ìwé ìròyìn lè tà, ṣe la ń fò ó kọjá.

Èmi náà ò mọ́ o. Nígbà tí mo ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, bàbá kan jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ìwé mi, "abẹ́nà-ìmọ̀ kan" ni mo pè é. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan, bàbá náà sì ti kú. Gbèsè nìyẹn.

Mo pe ọmọ náà padà. Mo ní, "Padà lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn. Ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá, níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìlà tí ẹnu rẹ bá kọ̀ láti kà, yọ ọ́." N kò ní kó máa yìn wọ́n o. Bí àléébù bá wà, kó sọ ọ́, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó lè sọ lójú wọn.

Ó lọ. Ìyá náà tún orúkọ kan ṣe fún un, ó sì ní kó má kọ ti iyàrá inú lọ́hùn-ún. Kò fi ẹ̀rù kankan sí i. Olóòtú ò tíì fèsì. Mo ti fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kún owó ilé, ẹ má sọ pé mo sọ fún yín o.