ATR Nínú Ìmọ̀ Yorùbá: Ìgékúrú Kan, Àríyànjiyàn Méjì

Nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí Yorùbá, lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí ó ń dúró fún ohun méjì tí kò bára tan. Lọ́wọ́ onímọ̀ fonọ́lọ́jì, ATR ni Advanced Tongue Root, ìyẹn fífa ìdí ahọ́n síwájú bí a bá ń pe fáwẹ̀lì. Lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀sìn, African Traditional Religion ni, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà. Bí ó bá ṣe pé àṣìmú nìkan ni ìṣòro ibẹ̀, kì bá tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí, nítorí àyíká ọ̀rọ̀ máa ń tú u. Ohun tí ó yẹ ní fífura sí ni pé nínú ẹ̀ka méjèèjì, ìgékúrú yìí ń bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹyọ ni E. Bọ́lájí Ìdòwú lo nínú àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1973, African Traditional Religion: A Definition. Ọ̀pọ̀ ni John Mbiti ti lò ṣáájú, ní 1969, nínú African Religions and Philosophy. Ṣé ẹ̀sìn kan ni Áfíríkà ní, àbí púpọ̀? Lẹ́tà R kò dáhùn. Ó kàn ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé fo ìbéèrè náà. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ òrìṣà ní Kúbà àti Brasil, lẹ́tà A pàápàá di ohun tí a ní láti ṣàlàyé.

Ní ti fonọ́lọ́jì, iṣẹ́ J. M. Stewart lórí èdè Akan ní 1967 ni ó gbé ìdí ahọ́n wọ inú ìjíròrò àǹkóò fáwẹ̀lì. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí a kò ṣẹ̀dá, ẹ àti ọ kì í bá e àti o gbé pọ̀ nínú sílébù tí ó tẹ̀ lé ara wọn: a ní ẹsẹ̀ àti ọ̀sẹ̀, a sì ní ètè àti òkè. Ní 1989, Archangeli àti Pulleyblank jiyàn pé ìhà òdì, −ATR, ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àǹkóò Yorùbá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhà tí kò ṣiṣẹ́ ni ìgékúrú náà ń dárúkọ. Abájọ tí àwọn mìíràn fi yan RTR, fífa ìdí ahọ́n sẹ́yìn.

Àwọn kan lè sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí odidi ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òwe yìí ń bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kò tíì ní in. APOR àti APIS sàn díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè tọpa wọn dé àpólà orúkọ àti àpólà ìṣe. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo ATR kọ́kọ́ kọ ọ́ ní odidi, ní Yorùbá, kí ó sì sọ ìhà tí ó dúró sí kí ó tó gé e kúrú.