Ìpè àti Ìdádúró: Àyẹ̀wò Ètò Orin Rédíò àti Àwọn Olùgbọ́ rẹ̀ ní Muṣin, Súrùlérè àti Yábàá

Ìfáàrà

Nígbà tí iṣẹ́ Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Disẹ́ńbà 1935, àpótí tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilé ni àwọn ènìyàn ń gbọ́. Ètò kan ṣoṣo ni ó ń gbé jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, pípa ni yóò pa á. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ rédíò. Orúkọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bá ipò tí rédíò wà lónìí mu mọ́. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1992 ti fàyè gba ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí Ray Power sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1994, olùgbọ́ ti ní èsì tirẹ̀: ọwọ́ ni ó fi ń fèsì, nígbà tí ó bá yí rédíò kúrò ní ibùdó kan sí òmíràn. Kókó tí pépà yìí dá lé ni pé àwọn elétò orin mọ bí a ti í pe olùgbọ́ ju bí a ti í dá a dúró lọ, àti pé ọwọ́ tí wọ́n fi mú gígùn orin wà lára ohun tí ó fà á.

Ìhun Orin àti Ìhun Ètò

Ní àwọn ọdún 1960, rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tí orin orí rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 wọ́pọ̀, ó sì bá ètò rédíò mu wẹ́kú. Nígbà tí àwo ńlá gbòde ní àwọn ọdún 1970, orin gùn sí i. Orin méjì péré ni ó wà nínú Shakara tí Fela gbé jáde ní 1972, ọ̀kan lójú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ju ìṣẹ́jú 13 lọ. Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn onífújì ẹgbẹ́ rẹ̀ náà a máa fi ojú àwo kan kọ orin àsopọ̀ láìdánudúró.

Inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì ní oṣù Ràmádáànì ni fújì ti ṣẹ̀. Olórin a máa kọ́kọ́ júbà Ọlọ́run, a kí àwọn aṣáájú, a ki àwọn ọlọ́lá, kí ó tó fi ààyè sílẹ̀ fún ìlù. Nígbà tí atọ́kùn bá gé irú orin bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 kí ìpolówó ọjà lè ráyè wọlé, ìjúbà ni olùgbọ́ gbọ́, kò gbọ́ orin. Ó dà bí ẹni tí a pè sí ibi ìnáwó, tí a bu omi ìṣanwọ́ fún, tí a sì wí fún pé ó dàbọ̀.

Àtakò

Ẹnìkan lè jiyàn pé èrò tí ó wọ dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ní Yábàá kí orin gígùn tó dé ìdajì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ nìkan kọ́ ni olùgbọ́. Mẹkáníìkì ní Muṣin àti aránṣọ ní Súrùlérè lè wà lójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Irú wọn ni kásẹ́ẹ̀tì bá lára mu láyé ijọ́un, tí fóònù sì bá lára mu lónìí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gé orin mọ́ wọn létí.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: kì í ṣe gbogbo orin gígùn ni ó dára. Kíki àwọn olówó lọ́kọ̀ọ̀kan lè sú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n atọ́kùn tí ó ti gbọ́ orin náà tán ni ó lè mọ ibi tí ó ti yẹ kí a gé e; aago kò lè ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ìkádìí

Ohun tí ó yẹ ni pé kí orin kúkúrú wà fún òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí èrò pọ̀ lójú ọ̀nà, kí a sì gbé odindi ojú àwo kan sí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru, pẹ̀lú ìpolówó ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí atọ́kùn sì sọ ẹni tí wọ́n ń kì àti ìdí tí wọ́n fi ń kì í. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ pé orí rédíò nìkan ni ó ti gbọ́ àwọn orin wọ̀nyí yóò gbà pé àjákù ni odindi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì gbà wọ́n sílẹ̀ láti orí rédíò yóò jókòó ti ìjúbà, yóò máa ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé orin ni.