Ṣọ́ọ̀bù Kékeré Tí A Ti Ń Fọwọ́ Tẹ Tíṣẹ́ẹ̀tì

Àdúgbò Ṣómólú ní Èkó lókìkí fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Láàárín àwọn ilé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára tíṣẹ́ẹ̀tì. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàpèjúwe. Ohun tó yẹ kí á fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àsìkò tí ọ̀dà ń kan aṣọ gan-an ló kúrú jù nínú iṣẹ́ náà. Ìpalẹ̀mọ́ ló ń gba ọjọ́, òun náà ló sì ń pinnu iye tí wọn yóò gbà.

Yàrá kan tó tó ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Tábìlì gígùn wà láàárín, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n àyà aṣọ sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ta okùn láti ògiri dé ògiri fún sísá aṣọ. Férémù igi tò sí ìdí ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán oníbàárà tirẹ̀: àmì ìjọ, bájì ilé ìwé, orúkọ ẹgbẹ́. Igun kan ṣókùnkùn nínú yàrá náà, kọ́tìnì dúdú ni wọ́n fi bò ó.

Olórí irinṣẹ́ wọn ni sikirínì. Férémù onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé lórí títí yóò fi le. Ṣẹ́dà ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Polyester ló wọ́pọ̀ nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé organdy ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ń rà nítorí owó. Bí asẹ́ ògì ni aṣọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: ihò ara rẹ̀ ni ọ̀dà ń gbà kọjá. Èyí tó ní òwú bíi 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan dára fún tíṣẹ́ẹ̀tì. Bí òwú bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán yóò mú dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí yóò kọjá yóò dínkù.

Bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán sórí sikirínì yẹ fún àlàyé kíkún. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ àwòrán oníbàárà ní dúdú kirikiri sórí bébà tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ á fi òróró ra bébà lásán títí yóò fi mọ́ gaara. Nínú igun ṣíṣókùnkùn ni wọ́n á ti po emulsion, ìyẹn oje tí wọ́n fi ń bo aṣọ sikirínì, pọ̀ mọ́ sensitizer, èyí tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti di ọ̀tá wọn. Oríṣi sensitizer kan wà tó ní májèlé nínú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe àṣejù níbẹ̀. Wọ́n á fa àdàlù yìí sórí sikirínì kó tẹ́ dọ́gba, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á gbé àwòrán àti gíláàsì lé e, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ sí ojú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn yóò le, yóò sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ibi tí dúdú bò yóò ṣì rọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lójú oòrùn, abẹ́ dúdú pàápàá yóò le. Bí òjò bá ṣú, gbogbo rẹ̀ lè bá omi lọ. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi kan àpótí oníná, tí kò bìkítà fún ojú ọjọ́, bí iná bá wà o.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi omi ṣan ibi tó rọ̀ kúrò lára sikirínì ni iṣẹ́ tó dára ń yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ọmọṣẹ́ á máa da omi sí i, á fi ìka pa á jẹ́jẹ́, lẹ́tà á sì máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á gbé férémù sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ohun kéékèèké ló ń wò: ihò inú «a» àti «e», àmì ohùn, pàápàá ẹlẹ́sẹ̀ abẹ́ «ẹ», «ọ» àti «ṣ». Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ̀ láti là, ọ̀pọ̀ tíṣẹ́ẹ̀tì tí à ń rí níta ni ọ̀rọ̀ Yorùbá orí rẹ̀ kò sì ní àmì kankan. Ọ̀gá tó bá ní sùúrù á tún un ṣe. Èmi a máa fi èyí mọ ẹni tí iṣẹ́ jọ lójú.

Ó wá ku títẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ fún pákó, wọ́n á tẹ́ ẹ kó má ká, férémù á sì sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Àlàfo mìlímítà díẹ̀ a máa wà láàárín wọn kí àwòrán má baà pòrúrú. Squeegee, èyí tí í ṣe rọ́bà tí wọ́n kì bọ igi, ni wọ́n fi ń fa ọ̀dà kọjá: ọwọ́ méjèèjì, ìfà kan, ó parí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sikirínì tirẹ̀. Lórí aṣọ dúdú, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ funfun sábẹ́ kí àwọ̀ tó kù lè hàn. Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní plastisol kì í gbẹ lójú oòrùn. Iná tó tó nǹkan bí 160°C ló ń mú un jinná, nítorí náà ẹ̀rọ ìlọṣọ tàbí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni wọ́n ń lò. Aṣọ polyester pupa gba ìṣọ́ra, nítorí bí iná bá pọ̀, pupa rẹ̀ á gòkè wọnú funfun.

Ní ti ìtàn, iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Àwọn ará Ṣáínà àti Japan ti ń ti ọ̀dà gba inú bébà tí wọ́n gé ní ihò láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní 1907, Samuel Simon ti ìlú Manchester gba ìwé àṣẹ lórí lílo ṣẹ́dà fún un. Tíṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni tẹ́lẹ̀; àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní 1913. Nígbà tó fi máa di 1948, àwọn alátìlẹ́yìn Thomas Dewey, tó ń du ipò ààrẹ níbẹ̀, ti ní tíṣẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ ìpolongo wà lára rẹ̀. Aṣọ tí àwọn olóṣèlú wa ń pín nígbà ìbò kì í ṣe àṣà tuntun.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní Abẹ́òkúta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn ọkùnrin ń gé páànù ní ihò-ihò láti fi ta ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń pè é. Ó yàtọ̀ ní ti pé ohun tí yóò dènà àwọ̀ ni wọ́n ń tì gba inú ihò, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ gan-an ni ti sikirínì. Síbẹ̀, ìlò wọn jọra: àdìrẹ Ọlọ́ba jáde láti fi ṣe ìrántí ayẹyẹ ọdún karùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935, bí a ṣe ń tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ ìbí àti ìsìnkú àgbà lónìí.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé kò ṣòro láti lóye. Ká ní ìpalẹ̀mọ́ sikirínì kan ná oníṣẹ́ ní ₦10,000. Bí aṣọ kan ṣoṣo ni oníbàárà fẹ́, gbogbo ₦10,000 ló wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 100, ₦100 péré ló kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí ló mú kí ilé ìwé tó ń múra ìdíje eré ìdárayá, ìjọ tó ń ṣe àpéjọ, àti ẹgbẹ́ tó ń dá ànkóò jẹ́ oníbàárà pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ kan pẹ̀lú fọ́tò aláwọ̀ mèremère, kí ó lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sórí ike, tí wọ́n á fi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Fún aṣọ púpọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ, sikirínì ló dín owó kù, ọ̀dà rẹ̀ á sì fara da ìfọṣọ bó bá ti jinná dáadáa.

Oníṣẹ́ tó gbọ́n á gba àsansílẹ̀, á tẹ ẹyọ kan sórí àkísà fún oníbàárà láti wò, á sì ra aṣọ díẹ̀ lé iye tí wọ́n béèrè nítorí èyí tó bá bàjẹ́. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ tirẹ̀ wá, wọ́n á ti sọ ẹni tí yóò san ti ìbàjẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Sikirínì ilé ìwé àti ti ìjọ ni wọ́n ń kọ orúkọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú. Ti ìsìnkú àti ìgbéyàwó ni wọ́n ń fi jíìkì bọ́, kí férémù lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ẹni tí sikirínì rẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, owó ọ̀dà, aṣọ àti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni yóò san.