Àmì Ohùn Kan Ti Tó Fi Bẹ̀rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá wa ní Wikipedia èdè Yorùbá, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń gbé lọ́kàn bọ̀. Wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ìlú wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ nípa pásítọ̀ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ kọ nípa ara wọn. Bí wọ́n bá bi mí pé ibo làwọn ó ti bẹ̀rẹ̀, èsì mi kì í dùn mọ́ wọn: ẹ wá àyọkà kan tí wọn ò fi àmì ohùn sí dáadáa, ẹ fi àmì sí gbólóhùn méjì níbẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́. Ẹ ti di ọ̀kan nínú wa nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo ń fojú kéré wọn o. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ti èdè Yorùbá náà ti wà tipẹ́, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ: orúkọ ìlú, orílẹ̀-èdè tó wà, ó tán. Nísàlẹ̀ wọn, àkíyèsí kan wà tó ń bẹ ẹni tó bá ń kà á pé kó bá wọn fẹ̀ ẹ́ sí i. A máa ń ka ẹ̀bẹ̀ yẹn kọjá bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Lókè àyọkà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ "Ṣàtúnṣe" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní sátífíkéètì. Ó dáa kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, torí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ló ń ní ojú-ewé tí wọ́n ti lè kí i káàbọ̀, àti ibi ìdánrawò tirẹ̀ tó ti lè máa kọ kó máa pa rẹ́ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tó ń fi ẹni tuntun lọ́kàn balẹ̀ jù ni ìtàn àyọkà. Gbogbo àtúnṣe láti ọjọ́ tí àyọkà ti délẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa ìdajì àyọkà rẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dá a padà sí bó ṣe wà. Èmi a máa ṣí ìtàn yìí kà lásán: ẹ ó rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àyọkà lóru, ẹni tó wá fi fọ́tò sí i, ẹni tó yọ kọ́mà kan, àti ẹni tó dá kọ́mà náà padà.

Ní ti àmì ohùn, ó ju ẹwà lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, "Ibadan" àti "Ìbàdàn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá wá ọ̀kan tí kò rí i lè rò pé àyọkà ò sí, á bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí àyọkà méjì ṣe ń wà lórí nǹkan kan ṣoṣo nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń ṣe àtúnjúwe, ìyẹn ojú-ewé tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó darí èèyàn láti orúkọ aláìlámì lọ sí èyí tó ní àmì. Nínú ètò Unicode, lẹ́tà ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀: lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì tó gùn ún lórí wà lọ́tọ̀. Òun ló ń fà á tí àmì fi ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù mìíràn. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà fún fóònù báyìí; ẹ kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ ná.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń wọ̀ mí lára. Ẹ wo Dùró Ládiípọ̀, ọ̀gá òṣèré tó ni Ọba Kò So. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ni wọ́n bí i. Ọdún wo? Àwọn kan kọ 1926. Àwọn mìíràn, Encyclopaedia Britannica wà lára wọn, kọ 1931. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978 ló kú. Ẹni ọdún 51 ni nígbà náà ni, àbí ẹni ọdún 46? Ẹni tuntun yóò kọ èyí tó kọ́kọ́ rí, ẹlòmíràn yóò pa á rẹ́, yóò kọ tiẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á tún padà wá, ó di ìjà. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wa kì í ṣe ti adájọ́. Ẹ kọ ọdún méjèèjì, kí ẹ fi nọ́ńbà kékeré ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fi rí i lábẹ́ "Àwọn ìtọ́kasí" pé ìwé báyìí ni ẹ ti mú un. Níbi àpèjẹ, "wọ́n ní" ti tó láti fi sọ̀tàn. Níbí, a ó bi yín pé ta ni wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n ní bẹ́ẹ̀, ojú-ìwé wo ló wà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò lè ka ìwé ìròyìn láìwo ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

Òfin yìí kan náà ló ń dun ọ̀pọ̀ wa, ó sì ń dun èmi náà. Bàbá àgbà tó mọ ìtàn ìlú láti orí dé ìdí kò ní ojú-ìwé tí a lè tọ́ka sí. Àwọn tí ìwé títẹ̀ ti wà lọ́wọ́ bàbá ńlá wọn ni òfin náà rọ̀ lọ́rùn. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́, torí bí a bá ṣílẹ̀kùn fún "bàbá mi sọ fún mi", ìlú méjì tó ń jìjà ààlà yóò kó bàbá tiwọn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá ẹni tó ti gbọ́ lẹ́nu àgbà ṣáájú yín, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ẹnu babaláwo ni Wándé Abímbọ́lá ti gba ohun tó wà nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tó jáde ní 1968; bẹ́ẹ̀ náà ni Adébóyè Babalọlá ṣe gba ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ fún ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966. Ẹ lè tọ́ka sí méjèèjì. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ìlú ń tẹ̀ fún ayẹyẹ ọjọ́ ìlú náà ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tí ọba ìlú rẹ̀ kì í ṣe àgbà ọba nínú wọn. Mo ní wọn rẹpẹtẹ nílé.

Oríkì tún ni ìṣòro mìíràn. Yorùbá kì í dárúkọ èèyàn lásán, a máa ń pọ́n ọn lé ni. Ẹni tuntun á kọ pé: "Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbajúgbajà olórin tí kò lẹ́gbẹ́, tí tọmọdé tàgbà ń wárí fún." Bí a bá yọ oyin kúrò nínú rẹ̀, yóò di: "Olórin àpàlà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀." Èwo ló pọ́n ọn lé jù? Lójú tèmi, ìkejì ni. Olórin tó ń gbowó lọ́wọ́ oníléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó wá di oníléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, èèyàn ò nílò "kò lẹ́gbẹ́" mọ́ kó tó mọ̀ pé ẹni ńlá ni. Ní ti pásítọ̀ yín, bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ìròyìn inú rẹ̀ kì í ṣe tẹnìkan, gbólóhùn rẹ̀ lẹ́ni tó ni ín. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ó sì ń yá iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tán, ẹ kà á sókè sétí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tó bá ti ní "kí lẹ wí?" ni kí ẹ tún kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí i pé ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ti wọ inú àyọkà yín, ó ti gé ìlà mẹ́ta kúrò. Lára àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ la ti ń rí ẹni tó máa ń gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìkí i, láìsọ ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà Wikipedia fúnra rẹ̀ ní ká má ṣe kanra mọ́ ẹni tuntun. Ẹ má dá ìlà mẹ́ta náà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lọ sí ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àyọkà náà, ẹ kí i, ẹ bi í pé kí ló rí. Bó bá dáhùn pé òun ò rí ibi tí ẹ ti mú un, ẹ wá orúkọ ìwé náà àti ojú-ìwé ibẹ̀ fún un.