Dúdú Zwarte Piet: Ṣé Èéfín Ló Fà Á?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Sinterklaas a máa pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé ní Nẹ́dálándì. Zwarte Piet, ìyẹn Piet Dúdú, ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pé kí ló sọ ọ́ di dúdú, wọ́n á ní èéfín ni, torí ihò èéfín ló ń gbà wọlé. Ó dáa. Èéfín wo ló ń kun ètè ní pupa, tó ń fi yẹtí wúrà sétí, tí aṣọ ò sì ní àbààwọ́n?

Àwọn mìíràn á gbé e lọ sọ́dọ̀ Wodan, òrìṣà ayé àtijọ́, àti ẹyẹ ìwò rẹ̀ méjì tó ń gbé ìròyìn wá fún un. Ìtàn náà dùn, àmọ́ jíjọra kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó wà ni ìwé tí Jan Schenkman, tíṣà ní Amsterdam, tẹ̀ jáde ní 1850. Nínú rẹ̀, ìránṣẹ́ adúláwọ̀ ń bá Nicolaas rìn. Kò tilẹ̀ lórúkọ. Nígbà yẹn, òwò ẹrú ti dópin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrú ṣì ń ṣiṣẹ́ fáwọn ará Nẹ́dálándì ní Suriname títí di 1863. Èyí ni àlàyé èéfín ń bò mọ́lẹ̀.

Ní 2011, wọ́n mú Quinsy Gario ní Dordrecht torí ẹ̀wù tó kọ ọ́ sí pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Zwarte Piet. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú, èérí èéfín díẹ̀ ni wọ́n ń fi kan Piet lójú. Lójú tèmi, ìgbà yìí gan-an ni ìtàn èéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a mu.