Àwọn Tó Ń Fa Ilé Onítáyà

Ẹni tó bá dé Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, láàárọ̀ kùtù, yóò rí wọn: ọkọ̀ pick-up tó so ilé onítáyà mọ́ ìdí. Agbègbè yìí ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, àgbẹ̀ tí iṣẹ́ oko dilẹ̀ fún, wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn fà á lọ fún àwọn tó ń tà á.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ló wù mí. Awakọ̀ á rọra fi ẹ̀yìn rìn títí irin olórí róbótó ìdí ọkọ̀ fi bọ́ sábẹ́ ihò ọrùn ilé náà gẹ́lẹ́. Á tì í pa, á fi ṣéènì méjì kọ́ ara wọn lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè gba ọrùn ilé náà dúró bó bá já.

Ìwọ̀n ni olórí ọgbọ́n. Ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo ilé náà ló yẹ kó tẹ ìdí ọkọ̀. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé náà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá. Ọ̀jáfáfá kì í já bíréèkì ọkọ̀ lójijì nígbà náà. Á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, á fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ilé náà nìkan, yóò sì rọlẹ̀.

Ní nǹkan bíi máìlì 50, awakọ̀ á dúró, á tún nọ́ọ̀tì táyà dè, nítorí nọ́ọ̀tì táyà tuntun a máa dẹ̀. Owó àlọ ni wọ́n sábà ń san fún un. Bó ṣe ń bọ̀ lófìfo, epo àpò rẹ̀ ló ń jó, síbẹ̀ ilé onílé ti gúnlẹ̀ láìha níbì kankan.